Sí Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, kí kájú tó tán

Ìsẹ́yìn,
16 oṣù Kẹta, 2025.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Àsàlámù aleekum. Ẹ kú ààwẹ̀ o, ìwọ àti ọkọ rẹ. Ìkẹrìndínlógún rèé, Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ gbogbo wa. Bàbá yín ní kí n kí ọ. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń pa ẹ̀pà sínú igbá, wọ́n sì ń bi mí pé ta ni mò ń kọ ìwé gígùn báyìí sí.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù lálẹ́ àná ni kò jẹ́ kí n tètè sùn. O ní, "Màámi, ilé yìí ò tíì dà bí ilé lójú mi. Mo kàn ń sùn síbẹ̀ ni." O ní tí ẹ bá ra àga, tí ẹ bá kun ọ̀dà, tí ẹ bá kúrò nílé rẹ́ǹtì bọ́ sí tiyín, ìgbà yẹn lara á tó tù yín. Mo dákẹ́, o rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló gé. Nẹ́tíwọ̀kì ò gé. Èmi náà ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí, mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ ọ́ ni.

Ṣé o rántí àwọn àwo tánganran tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù? Mẹ́fà ni wọ́n, òdòdó aláwọ̀ búlúù wà létí wọn. Ọdún tí mo bí ọ ni mo rà wọ́n. Àlejò nìkan ló ń fi wọ́n jẹun, àfi tí Iléyá bá dé. Lọ́jọ́ kan tí ibà ń ṣe ọ́, o ní àwo yẹn ni kí n fi bu ẹ̀kọ fún ọ. Mo ní rárá, o máa fọ́ ọ. Ike ni mo fi bù ú. O mu ún, o ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ọdún tí a kó ẹrù síta láti kun ilé, mẹ́ta nínú àwo náà fọ́ nínú páálí, bẹ́ẹ̀ a ò tíì fi wọ́n jẹun tó ìgbà mẹ́wàá. Mẹ́ta tó ṣẹ́kù lèmi àti bàbá yín fi ń ṣínu báyìí lójoojúmọ́. Àwọn tó fọ́ yẹn ò dùn mí mọ́. Ike tí mo fi bu ẹ̀kọ fún ọ ló ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, gbọ́ mi. Adùn inú ilé kì í dúró de ìgbà tí ilé bá pé. Àsìkò ló ń gbé e wá, tí o kò bá sì mọ ìgbà rẹ̀, á gba iwájú ilé rẹ kọjá tí o kò ní mọ̀. Àwọn àgbà ní ìgbà ara là á búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Àgbàdo tútù ní ìgbà tirẹ̀, òórùn òjò àkọ́kọ́ ní ìgbà tirẹ̀, ọmọ tó ń fẹ́ kí ìyá òun fi òrí pa òun lára náà ní ìgbà tirẹ̀.

Wo ìsinsìnyí. Mo mọ̀ pé ooru ń mú ní Ìkòròdú, iná ò sí, o sì ń dé lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Àmọ́ kájú ti dé. Nígbà tí mo wá sọ́dọ̀ yín, mo rí i lórí igbá àwọn obìnrin tó ń tà á lójú títì yín. Rà á lọ́jọ́ tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀. Lẹ́yìn ìṣínu, ẹ tẹ́ ẹní sí bálíkónì, bọ́ aṣọ tó bá dára kúrò lọ́rùn àwọn ọmọ, torí omi kájú tó bá ti kan aṣọ, kò sí ọṣẹ tó máa gbà á kúrò. Kí wọ́n mu ún, kí omi rẹ̀ máa ṣàn dé ìgúnpá wọn. Kóró rẹ̀ nìkan ni kí o gbà lọ́wọ́ wọn. Epo kan wà nínú èèpo rẹ̀ tó ń bó ènìyàn lẹ́nu, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi eyín pa á. Àgbálùmọ̀ náà ti ń lọ sópin. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí o máa ń ráhùn sí yẹn ni wọ́n ti ń tà á. Ra mélòó kan dání wálé, kí o kọ́ wọn bí a ṣe ń jẹ èèpo rẹ̀ títí á fi di gọ́ọ̀mù lẹ́nu. Ìwọ fúnra rẹ lè jẹ ẹ́ fún odindi wákàtí méjì nígbà kan.

Gbodo lèmi ń sá lọ́wọ́. Iṣu tó ṣẹ́kù ni mo bó, mo bọ̀ ọ́, mo sì sá a sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé. Ó ku bí ọjọ́ méjì kó gbẹ. Tí mo bá dá a sí méjì tó dún pàkà, ó ti gbẹ nìyẹn. Lọ́sàn-án, tí oòrùn bá mú, òórùn rẹ̀ máa ń wọlé wá bá mi, ó kan díẹ̀, ó dùn díẹ̀. Ó ti ju ogójì ọdún lọ tí mo ti ń sá gbodo. Ọdún bíi mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé mo fẹ́ràn òórùn yẹn. Kí ni mò ń ṣe láti ọjọ́ yìí? Owó ni mò ń kà, mò ń ka iye kóńgò èlùbọ́ tó máa jáde níbẹ̀.

Òjò àkọ́kọ́ ò ní pẹ́ mọ́. Ìlà oòrùn ló ti máa ń ṣú wá. Ìjì á kọ́kọ́ gbá eruku, ilẹ̀kùn á máa pa, lẹ́yìn náà ni òórùn ilẹ̀ gbígbẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mumi á gba gbogbo ilé. Tó bá ti kàn ọ́ nímú, ohun yòówù tí o bá ń ṣe, fi sílẹ̀. Gbé àbúrò pọ̀n, fa ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́, kí ẹ lọ dúró lójú fèrèsé. Òórùn náà kì í tún lágbára tó bẹ́ẹ̀ mọ́ títí ọdún á fi yí po. Má gbe omi òjò yẹn o. Gbogbo eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ tó wà lórí páànù ló ń fọ̀ sílẹ̀. Jẹ́ kó di ìkẹta, ìkẹrin, kí o tó gbé ike sábẹ́ ọ̀sọ̀rọ̀. Lálẹ́ lẹ́yìn òjò, èsúnsún á máa fò bá iná. Gbé abọ́ omi sábẹ́ gílóòbù, kí àwọn ọmọ máa wo bí ìyẹ́ ṣe ń bọ́ lára wọn. Tí o bá fẹ́ dín in, má fi òróró sí i, ọ̀rá tó wà lára rẹ̀ ti tó o. Iyọ̀ díẹ̀ péré.

Ó wá kan ọjọ́ òjò gan-an, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mi wà jù. O mọ̀ pé aṣọ òfì ni bàbá yín fi tọ́ yín. Òwú tí wọ́n bá ta síwájú òfì, ó gùn, òkúta ni wọ́n máa ń gbé lé ìdí rẹ̀ kó lè le, kò sì gbọdọ̀ rí omi. Tí òjò bá ti ṣú, wọ́n á ká a, wọ́n á wọlé, iṣẹ́ ọjọ́ náà parí nìyẹn. Inú máa ń bí mi. Mo máa ń ka iye aṣọ tí wọn ò ní hun lọ́jọ́ náà, mo sì máa ń kà á sókè kí wọ́n lè gbọ́. Wọn kì í dá mi lóhùn. Wọ́n á finá sí èédú, wọ́n á to àgbàdo sórí rẹ̀, wọ́n á sì pe ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òjò tó da ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ ló da gbogbo yín pọ̀ sídìí iná yẹn. Ariwo òjò lórí páànù á pọ̀ débi pé ẹ ò ní gbọ́ ohùn ara yín, ẹ ó máa pariwo, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín. Èmi á wà ní yàrá, mò ń tún aṣọ tí mo ti tò tẹ́lẹ̀ tò. Ọjọ́ wọ̀nyẹn ni bàbá yín ń sọ ṣáá báyìí tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìgbà èwe yín. Nínú gbogbo aṣọ tí wọ́n hun, mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n dárúkọ ẹyọ kan.

Bí òjò bá ká ọ mọ́lé lọ́jọ́ Sátidé, má fi ọjọ́ náà palẹ̀ mọ́. Yan àgbàdo. Tí oṣù Kẹfà bá ti wọlé, á ti pọ̀ lọ́jà. Èyí tí wọ́n ya láàárọ̀ ọjọ́ náà ni kí o rà, torí tó bá sùn mọ́jú, adùn rẹ̀ á ti dín kù. Tó bá jẹ́ sísè lo fẹ́, jẹ́ kí ewé inú wà lára rẹ̀. Fọ́ àgbọn sí i. Kí ọkọ rẹ bá ọ jókòó, kó gbé fóònù sílẹ̀.

Mo fi irúgbìn ewédú díẹ̀ ránṣẹ́, mo pọ́n ọn sínú bébà. Ike ọ̀dà àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yín yẹn, lu ihò sí ìdí rẹ̀, bu yẹ̀pẹ̀ dúdú sí i. Di irúgbìn náà sínú aṣọ tín-ínrín, rì í bọ omi gbígbóná, ka ení dé àrún, kí o yọ ọ́ kíá. Tí o kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, á sùn nínú ilẹ̀, kò ní hù. Láàárín ọ̀sẹ̀ 5 tàbí 6, o ti lè já a sọbẹ̀. Kì í ṣe pé ewédú wọ́n lọ́jà. Mo fẹ́ kí nǹkan kan wà nínú ilé yẹn tí ẹ̀yin fúnra yín gbìn, tí ọmọ rẹ á máa lọ yọjú sí láàárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé.

Oṣù Kẹsàn-án, mi ò ní purọ́ fún ọ, mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Aṣọ kì í gbẹ, gbogbo nǹkan ló ń bu. Ẹ̀pà sísè nìkan ni mo mọ̀ tó dára níbẹ̀.

Àmọ́ ọyẹ́! Èkó ò mọ ọyẹ́ bíi tiwa, síbẹ̀ ó máa ń dé ọ̀dọ̀ yín fún ọjọ́ mélòó kan. Tí ara àwọn ọmọ bá ti ń funfun, ìwọ fúnra rẹ ni kí o fi òrí pa wọ́n, má fi í sílẹ̀ fún ọmọ ọ̀dọ̀. Tí òrí bá dì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ ni kí o fi yọ́ ọ, kí omi ìwẹ̀ ṣì wà lára wọn díẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni. Wọn ò ní pẹ́ dàgbà kọjá ẹni tí à ń pa lára.

Ohun kan wà tí mo máa ń rò tí Ààwẹ̀ bá dé. Ọdún òṣùpá fi bí ọjọ́ 11 kúrú ju ọdún tí à ń kà sórí kàlẹ́ńdà lọ, torí náà Ààwẹ̀ ń rìn sẹ́yìn láti àsìkò kan bọ́ sí òmíràn, á sì tó nǹkan bí ọdún 33 kó tó yí po. Lọ́dún 2015, oṣù Kẹfà ló bẹ̀rẹ̀, àgbàdo wà nínú ohun tí à ń fi ṣínu. Lọ́dún 1999, inú ọyẹ́ ló bọ́ sí, oṣù Kejìlá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́. Àwọn oníwéré tó ń fi orin jí ènìyàn fún sàárì kọjá lójú títì, o jí, o ní o máa jẹ sàárì dandan. Mo finá sí igi lẹ́yìnkùlé, gbogbo wa ń yáná, o fi ìró mi bora. O sùn lọ pẹ̀lú òkèlè àmàlà lọ́wọ́, ewédú ń kán sí mi lẹ́sẹ̀. Mi ò jí ọ. Mi ò tilẹ̀ nu ẹsẹ̀ mi. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ń sáré, ọjọ́ yẹn wà lára ìwọ̀nba tí mo dúró wò.

Ọmọ rẹ ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Tí Ààwẹ̀ bá kúrò nídìí kájú, tó lọ yí po, tó sì tún padà síbi tó wà lónìí, á ti tó nǹkan bí ọmọ ọdún 39. Gbé e jókòó tì ọ́ nídìí ìṣínu lọ́dún yìí.

Ẹrù tí mo fi ránṣẹ́ á dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, dírẹ́bà tó mú ti àtẹ̀yìnwá wá ló ń mú un bọ̀. Èlùbọ́ kóńgò mẹ́rin wà níbẹ̀, àti òrí, àti irú tí mo fi ewé pọ́n; irú ni kí o kọ́kọ́ yọ. Mo fi aṣọ wé nǹkan kan sáàárín èlùbọ́ náà kó má baà fọ́. Ọ̀kan nínú àwọn àwo mẹ́ta yẹn ni. Méjì tó èmi àti bàbá yín. Ọmọ rẹ ni kí o máa fi bu ẹ̀kọ fún, láàárọ̀ ọjọ́ tí kò sí nǹkan kan tí ẹ ń ṣe. Tó bá fọ́ ọ, gbá a dànù, má bá a wí.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ti ń pa. Bàbá yín ní ojú ọ̀run ti ṣú níhà Ọ̀yọ́, gbodo mi sì wà lórí àpáta. Mò ń lọ kó o.

Èmi ni,
Màámi rẹ.