Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tó ní Motoko yìí kì í ṣe Motoko

Bùọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tó gé sọ́nà lórí fóònù lọ́jọ́ Sọ́ńdè ni mo jókòó láti parí. Ẹ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré lẹ fi wo apá kìíní Ghost in the Shell: Arise, fíìmù àwòrán ilẹ̀ Japan yẹn, kí ẹ tó pa á. Ẹ ní obìnrin inú rẹ̀ kì í ṣe Motoko, ológun alára àtọwọ́dá tí a jọ mọ̀, pé ọmọge kan ni wọ́n wá, wọ́n gé irun fún un, wọ́n wọ aṣọ pupa sí i lọ́rùn, wọ́n gbé e gun alùpùpù. Ẹ tún ní ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn rẹ̀.

Mo mọ ibi tó ti ń dùn yín. Ẹ̀yin lẹ fi Ghost in the Shell àkọ́kọ́, fíìmù 1995 tí Mamoru Oshii darí, hàn mí. Mo ṣì rántí alẹ́ tí wọ́n mú iná lọ bí Motoko ṣe ń ti inú omi bọ̀ sókè, tí ẹ ní n ò gbọdọ̀ sùn, tí a jókòó sínú òkùnkùn títí iná fi dé. Atsuko Tanaka ló fún un lóhùn nígbà yẹn, òun náà ló sì ṣe é nínú Stand Alone Complex, eré orí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, lọ́dún 2002. Nígbà tí obìnrin náà kú lóṣù Kẹjọ ọdún 2024, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ pè.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìparí fíìmù yẹn. Nígbà tí Motoko jí nínú ara àtọwọ́dá mìíràn, ara ọmọdé, ohùn ta ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀? Ohùn Maaya Sakamoto ni, ọmọ ọdún 15. Òun gan-an ni wọ́n pè padà lọ́dún 2013 fún Arise. Ohùn tí ẹ lé síta yẹn, ọmọ ilé ni, Bùọ̀dá. Kazuchika Kise tó darí Arise náà ti ṣiṣẹ́ lórí yíyàwòrán fíìmù tiyín.

Ká tiẹ̀ fi ti ohùn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n sùn. Ọdún 2027 ni ìtàn náà wà, ogun àgbáyé kẹrin ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, Motoko sì wà lábẹ́ ẹ̀ka ológun kan tí wọ́n ń pè ní 501. Kí wọ́n tó bí i ló ti pàdánù ara tirẹ̀. Ara àtọwọ́dá ló bá dàgbà, 501 ló sì ni ín. Tó bá ní òun ń lọ, ohun ìní wọn ló ń gbé lọ. Ẹ rántí bí Màmá àgbà ṣe máa ń sọ ti ìwọ̀fà fún wa: ó ń roko olówó lójoojúmọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé, gbèsè ò sì dín kọ́bọ̀. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n bá san owó náà, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi rìn délé. Ti Motoko, ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn kúrò náà wà nínú gbèsè.

Láti ìgbà tí mo ti rí èyí ni aṣọ pupa yẹn ti yí padà lójú mi. Mo rò pé kò sí ohun mìíràn lára rẹ̀ tó jẹ́ pé òun ló yàn án. Ẹ wo bó ṣe ń gun alùpùpù yẹn, ẹ ó rí i pé oge nìkan kọ́ ló ń ṣe.

Wọ́n pa Mamuro, ọ̀gá rẹ̀, wọ́n tún ní ó gba rìbá. Motoko jáde láti wẹ orúkọ ọ̀gá náà mọ́, kò mọ̀ pé ẹnì kan ti kó àrùn sí òun lọ́pọlọ, pé òun ń rántí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rárá. Ara kì í ṣe tirẹ̀, ìrántí náà tún di ilé tí ẹlòmíràn ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀ níbẹ̀, mo sì wo ọwọ́ mi.

Ibì kan wà tí mo fara mọ́ yín, ó sì dùn mí. Wọn ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gbèsè yìí mí. Wákàtí kan ò pé, ẹjọ́ ìpànìyàn, rìbá, ọ̀tá àti ìjà ni wọ́n kó lé ara wọn. Batou tó ti ṣe sójà rí ń lé Motoko, Togusa ọlọ́pàá ń ṣèwádìí tirẹ̀ lọ́tọ̀, àlàyé sì rọ́ jọ sí ìparí bí ẹni ń sáré bá ọkọ̀. Oshii fún òjò àti odò ìlú náà ní ìṣẹ́jú gbọọrọ láìsí ẹni tó sọ̀rọ̀, orin Kenji Kawai nìkan ló ń lọ. Orin tí Cornelius ṣe fún Arise tutù, ó sì dára, àmọ́ kò rí àyè tí yóò ti sinmi. Ohun tó yẹ kó gba ìdajì fíìmù, gbólóhùn mẹ́ta mẹ́rin ni wọ́n fi sọ ọ́ kọjá. Tiyín ṣì lọ́lá jù ú lọ lójú mi. Àmọ́ obìnrin inú rẹ̀, Motoko ni.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ wò yẹn, itẹ́ òkú tí wọ́n ti hú pósí Mamuro lẹ ti kúrò. Mo ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín lóṣù tó ń bọ̀, láptọ́ọ̀pù mi á wà lọ́wọ́. Láti ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ, a ó dúró dè é.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ.

Èmi àbúrò yín.