Àkànní, Padà Wọ Yàrá

Àkànní ọmọ mi,

Orúnkún tó ń dun ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀. A ti tún òrùlé tó ń jò ṣe. Àbúrò rẹ yege ìdánwò rẹ̀, òun náà ló sọ fún mi pé ó di ọ̀sẹ̀ kejì tí ìwọ àti ìyàwó rẹ kò ti bára yín sọ̀rọ̀, pé fóònù lẹ fi ń ránṣẹ́ síra yín láti yàrá sí pálọ̀. Ṣé òótọ́ ni? Má bínú sí i o. Èmi ni kó o dá lóhùn.

Ìjà ò bà mí lẹ́rù. Ẹni tó ń jà ṣì ń sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́ yẹn ló ń já mi láyà. John Gottman, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí tọkọtaya ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀, kà á mọ́ ohun mẹ́rin tó ń tú ilé ká, ó sì ní ọkùnrin ló pọ̀ jù nídìí ẹ̀. Ó ní bí àyà èèyàn bá ti ń lù ju ìgbà 100 lọ ní ìṣẹ́jú kan nítorí ìbínú, ọ̀rọ̀ ò ní wọ̀ ọ́ létí mọ́. Kó ní, "Jẹ́ kí n mí díẹ̀ ná," kó kúrò níbẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú ó kéré tán, kó má máa ro ẹjọ́ lọ́kàn, kó sì padà wá. Kó padà wá, Àkànní! Ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe 20 ìṣẹ́jú. Ta ló kọ́ ọ ní irú agídí yìí?

Èmi ni. Ọmọ ọdún méje ni ọ́ nígbà yẹn. Ìyá rẹ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Lọ sọ fún bàbá rẹ pé oúnjẹ ti wà nílẹ̀." Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín wa, mo sì ń gbọ́ ọ. Síbẹ̀, wàá rìn wá sọ ọ́. Mi ò ní gbójú kúrò lára ìwé ìròyìn. "Sọ fún un pé mo ti gbọ́." Wàá tún rìn padà. Ìyá rẹ ni mo rò pé mò ń fìyà jẹ.

Lánàá ni mo tó bẹ̀ ẹ́. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn wá jókòó tì mí.

Ọmọ mi, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ kó o wọlé tọ ìyàwó rẹ lọ. Orúkọ tó o máa ń pè é, fi pè é. Lẹ́yìn náà kó o pè mí, ì báà jẹ́ òru. Mi ò ní tíì sùn.

Bàbá rẹ