Winmail.dat ló jẹ̀bi, kì í ṣe Bọ̀dá Láyí

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù Bristol ńkọ́? Má tíì dá mi lóhùn lórí òtútù, ọ̀rọ̀ ń bẹ nílẹ̀ tí mi ò lè gbé sùn.

Bọ̀dá Láyí ò parọ́ fún ọ. Wọ́n fi ìwé ilẹ̀ Mọ́níyà ránṣẹ́ lóòótọ́, gbogbo rẹ̀ pátá, láti ọ́fíìsì wọn. Mo mọ̀ pé fáìlì kan tó ń jẹ́ winmail.dat nìkan ni ìwọ rí, o tẹ̀ ẹ́, kò ṣí, o wá sọ fún Àǹtí Mosún pé ọbàkan rẹ ń fi ìwé pamọ́. Àǹtí Mosún! Nínú gbogbo ẹnu tó wà ní Ìbàdàn! Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé Bẹẹrẹ, ó ti di pé wọ́n ti ta ilẹ̀ náà fún ará Èkó kan. Ìyá Bọ̀dá Láyí ò tilẹ̀ yọjú síbi ìkómọ àwọn ìbejì Ṣadé. Àní Ṣadé bí ìbejì, ọkùnrin méjèèjì, àlàáfíà ni wọ́n wà.

Mo lọ bá bọ̀dá ní ọ́fíìsì. Wọ́n ṣí lẹ́tà tí wọ́n rán hàn mí: orúkọ rẹ, ọjọ́ tí wọ́n fi í ránṣẹ́, fáìlì mẹ́rin. Wọn ò bínú, Àdùkẹ́. Ó kàn ń dùn wọ́n ni, ìyẹn sì burú ju ìbínú lọ.

Ètò ìmeèlì tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ló fa gbogbo rẹ̀. Ó ní ọ̀nà ìkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Rich Text. Tí lẹ́tà bá gba ibẹ̀ jáde, á kó gbogbo fáìlì tí èèyàn so mọ́ ọn sínú ẹyọ kan, á sì pè é ní winmail.dat. Ẹni tó ń lo irú ètò kan náà á rí fáìlì rẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n Thunderbird, ètò ìmeèlì tìrẹ, kì í tú u fúnra rẹ̀. Àfi bíi kí wọ́n ti ẹ̀kọ mẹ́rin mọ́ àpótí, kí wọ́n gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sí Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀, láti 1992 ni Nathaniel Borenstein àti Ned Freed ti gbé ìlànà MIME jáde kí fáìlì lè máa bá lẹ́tà rìn láàárín kọ̀ǹpútà tí kò jọra! Mo bá bọ̀dá yí ọ̀nà ìkọ̀wé náà kúrò ní Rich Text sí èyí tó ń jẹ́ HTML. Èyí tí wọ́n fi dán an wò sọ́dọ̀ mi ṣí wẹ́rẹ́.

Síbẹ̀ mi ò jẹ́ kí wọ́n tún un rán. Mo gba àwọn ìwé náà sórí flash, Thunderbird tèmi ni mo fi so wọ́n mọ́ lẹ́tà yìí. Ìwé survey nìkan ló yọ mí lẹ́nu. Aláwọ̀ ni wọ́n ṣe é, ó tó 20MB. Gmail ní òun ò gbà ju 25MB lọ, o lè rò pé àyè ṣì wà, àmọ́ kí fáìlì tó rìn, wọ́n á kọ́kọ́ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ wúruwùru, báìtì mẹ́ta á di mẹ́rin, 20 á di bíi 27. Mo tún un scan ní dúdú àti funfun, ó fúyẹ́.

Wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà, ka fáìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o tẹ Save All. Inú lẹ́tà yẹn gan-an ni wọ́n wà. Tí o bá pa á rẹ́, wọ́n bá a lọ, mo sì mọ ọ́, lẹ́tà Túnjí nìkan ni o kì í pa rẹ́.

Tí o bá rí ibi tí mo tẹ ọ̀rọ̀ wọ́, ojú ni. Dókítà ní wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ sí ti ọ̀tún ní Jánúárì. Mo ní kí wọ́n ṣáà má fọwọ́ kan ti òsì, òun ni mo fi ń ṣẹ́jú sí ọkọ mi. Ẹ̀rù ò bà mí o. Ó ń bà mí díẹ̀.

Mo bẹ̀ ọ́, ìpàdé ẹbí ń bọ̀ ní Dìsẹ́ḿbà, pe Bọ̀dá Láyí kó tó di ìgbà yẹn. Fóònù ni o, má fi ìmeèlì ṣe é. Sọ fún wọn pé ìwé ti dé ọwọ́ rẹ, kí o sì tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà kí o pe Àǹtí Mosún fúnra rẹ, torí èmi ò lè bá obìnrin yẹn sọ̀rọ̀ láìjà.

Èmi ni tìrẹ,
Bọ́láńlé