Ẹ̀yin Onímọ̀ Ẹ̀dá-Èdè, Ẹ Máa Dá Akẹgbẹ́ Yín Lóhùn

Sí Olóòtú,

Mo fi ọ̀wọ̀ kọ lẹ́tà yìí sí i yín, kí ó lè tipasẹ̀ yín dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè Yorùbá ní yunifásítì àti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni. Bí olùkọ́ kan bá kọ̀wé sí akẹgbẹ́ rẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ lórí ìwádìí tàbí lórí iṣẹ́ kíláàsì, èsì kì í sábà wá, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé ìdí tí a fi nílò ara wa. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, "ẹ wá" yàtọ̀ sí "wọ́n wá". Ṣùgbọ́n nínú àwọn ẹ̀ka-èdè gúúsù-ìlà-oòrùn, bí èyí tí wọ́n ń sọ ní agbègbè Oǹdó, "àn án wá" lè dúró fún méjèèjì. Kò sí ìgbà tí mo kọ́ni ní èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kò ní bèèrè pé báwo wá ni olùgbọ́ ṣe ń mọ̀ bóyá òun ni wọ́n ń bá wí tàbí ẹlòmíràn. Gbólóhùn kan ṣoṣo inú ìwé kò lè dáhùn ìyẹn. Àfi kí a gbọ́ ibi tí àwọn tó ni èdè ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí a mọ ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀ lé e.

Irú ohùn bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀. Láti ìgbà tí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè Adétugbọ̀ ti ṣe ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn ẹ̀ka-èdè wa ní 1967, ọ̀pọ̀ ló ti gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ni púpọ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí wà, wọ́n sì ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sọ̀rọ̀ sínú wọn ti di olóògbé.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba àwọn kan pé ẹlòmíràn lè sọ iṣẹ́ wọn di tirẹ̀, ẹ̀rù náà kò sì jẹ́ àṣejù. Nítorí náà, kí ẹni tó bá bèèrè kọ́kọ́ sọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe, kí ó dárúkọ ẹni tó gba ohùn náà níbikíbi tí ó bá ti lò ó, kí ó sì bọ̀wọ̀ fún àdéhùn tí wọ́n bá àwọn tó sọ̀rọ̀ ṣe. Kí ìbéèrè rẹ̀ sì ṣe pàtó. "Ẹ ràn mí lọ́wọ́ lórí Èkìtì" kò tíì tó ìbéèrè. Ìlú wo, irú gbólóhùn wo, ọ̀rọ̀ àgbà ni àbí ti ọ̀dọ́?

A ti ran ara wa lọ́wọ́ rí. Àjọṣe ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló bí ìwé èdè-ìperí (àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a fi ń ṣàlàyé ìmọ̀ èdè) tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 àti èyí tí Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, a sì ń fi wọ́n kọ́ni títí di òní.

Mo bẹ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n yan ẹnì kan tí yóò máa gba irú ìbéèrè báyìí, tí yóò sì máa da kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó bàjẹ́ tán. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ti àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, nígbà tí àwọn fúnra wọn ṣì lè sọ fún wa ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ibi tí wọ́n ti gbà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè kan,
Àkúrẹ́.