Ojú ọjọ́ ló yẹ kó yan ìlú fún ìsinmi oṣù kẹwàá

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń ṣàkíyèsí àṣà tuntun kan láàrin àwa ará ilẹ̀ Òkun, ìbáà ṣe ní Kábà níbí, ní Ìyàrà, ní Ìsánlú tàbí ní Mọ̀pà. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í fi gbogbo ìgbà dúró de oṣù kejìlá mọ́ kí wọ́n tó fojú kan àwọn òbí wọn. Nígbà tí ilé ìwé àwọn ọmọ wọn bá gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan ní apá ìparí oṣù kẹwàá, wọn a ní kí bàbá àti ìyá wá pàdé àwọn ní ìlú kan ní Yúróòpù, kí tọmọ tòbí lè jùmọ̀ sinmi fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ohun tó dára ni. Ọ̀nà tí a ń gbà yan ìlú náà ni kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé òkìkí nìkan la máa ń tẹ̀ lé, bí ẹni pé bí ìlú ṣe rí nínú oṣù kẹfà náà ló ṣe máa ń rí nínú oṣù kọkànlá.

Ẹni tí ó ní oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ lè lọ sí ìlú èyíkéyìí tí ó bá wù ú, nítorí pé bí òjò bá dí i lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀sẹ̀ mìíràn ń bọ̀. Ti ẹni tí ó ní ọjọ́ márùn-ún kò rí bẹ́ẹ̀. Láti Kábà, yóò gba Ọ̀bájànà dé Lọ́kọ́jà kí ó tó forí lé Abùjá, yóò wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Frankfurt tàbí Istanbul, yóò sì tún wọ òmíràn níbẹ̀. Tí a bá yọ ọjọ́ kan kúrò fún àlọ, tí a yọ ọ̀kan fún àbọ̀, ọjọ́ mẹ́ta ló kù, mẹ́ta yẹn kò sì gba pé kí òjò ba ọ̀kan jẹ́ tàbí kí ènìyàn máa wọ́ àpótí láti ìlú kan lọ sí òmíràn. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ó mú ìlú kan ṣoṣo, kí ó sì jẹ́ èyí tó wà ní gúúsù Yúróòpù.

Ìgbà ìwọ́wé, láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù kọkànlá, kò rí bákan náà káàkiri Yúróòpù. Ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹwàá ni wọ́n máa ń dá aago wọn padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, láti ọjọ́ náà lọ, òòrùn a ti wọ̀ ní Stockholm kí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Pàrísì sàn díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ooru ọ̀sán ibẹ̀ nínú oṣù kẹwàá kì í sábà kọjá dígírì 16 tàbí 17. Ọyẹ́ tiwa a máa mú ní òwúrọ̀, síbẹ̀ òòrùn ọ̀sán a lé e lọ. Òtútù tọ̀hún kì í gbọ́ ti òòrùn. Ìyá àgbà tí eékún ń dùn, tí wọ́n mú kúrò ní Bùnú lọ sínú irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, inú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ni yóò ti lo ìsinmi rẹ̀. Ti Venice tún yàtọ̀. Ìgbà ìwọ́wé gan-an ni omi òkun máa ń kún wọ àwọn òpópónà rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2020 ni wọ́n ti ń lo ìdènà ńlá tí wọ́n ṣe sẹ́nu òkun láti dá a dúró. Èmi kò sì rí ohun tí arúgbó ń wá lọ sí Munich nígbà ọdún ọtí bíà wọn, tí owó òtẹ́ẹ̀lì máa ń fò sókè.

Nínú àwọn ìlú gúúsù, n kò ní ohun búburú sọ nípa Róòmù tàbí Lisbon. Ọ̀pọ̀ ará Róòmù fẹ́ràn oṣù kẹwàá ju oṣù yòókù lọ nítorí òòrùn rẹ̀ tí kì í jó ni, ṣùgbọ́n ìlú náà fẹ̀, àwọn tó ń tò síwájú àwọn ibi tó lókìkí kì í sì í tán. Orí òkè ni wọ́n tẹ Lisbon dó sí, ọkọ̀ ojú irin kékeré oní-nọ́ńbà 28 tí gbogbo àlejò fẹ́ wọ̀ sì máa ń kún fọ́fọ́. Ìlú tí mo fara mọ́ ni Valletta, olú ìlú Málítà, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan ní gúúsù Yúróòpù, bẹ́ẹ̀ èyí tí àwọn ará wa kì í rántí rárá nìyẹn.

Kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí wa, nítorí pé àwa tí a jókòó pẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ti mọ erékùṣù náà láti kékeré. Òun ni Mélítà inú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, níbi tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù rì sí pẹ̀lú ènìyàn 276 nínú rẹ̀. Bí a bá ka orí 27 dáadáa, a óò rí i pé ọ̀rọ̀ àsìkò ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ìgbà ààwẹ̀ ti kọjá, ìyẹn ààwẹ̀ àwọn Júù tó máa ń bọ́ sí oṣù kẹsàn-án tàbí oṣù kẹwàá, Pọ́ọ̀lù sì kìlọ̀ pé ìrìn-àjò ojú omi ti di ewu, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ọkọ̀ ni balógun ọ̀rún gbà gbọ́. Ẹni tó mọ Bíbélì lè já mi níbẹ̀ pé nítorí òjò àti òtútù ni àwọn ará erékùṣù náà ṣe dáná fún àwọn àlejò wọn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n inú òkun ni àwọn yẹn ti ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tòun ti aṣọ tútù lọ́rùn. Nínú oṣù kẹwàá, ooru ọ̀sán Málítà ṣì ń sún mọ́ dígírì 25, omi òkun rẹ̀ kò sì tíì tutù. Òjò lè ṣú lójijì, pẹ̀lú àrá, nítorí náà kí ẹ mú agbòjò dání.

Ìlú kékeré ni Valletta, kò tó kìlómítà kan níbùú lóròó. Àwọn ológun onígbàgbọ́ tí wọ́n ń pè ní ọmọ ogun Jòhánù Mímọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ọdún 1566, lẹ́yìn tí àwọn ará Tọ́kì dó tì wọ́n ní ọdún 1565 tí wọn kò sì ṣẹ́gun. Láti ẹnubodè ìlú dé odi tó wà ní ìkángun kejì, ìrìn náà kò tó ààbọ̀ wákàtí, àní fún àgbàlagbà tó ń fi ọ̀pá rìn. N kò ní purọ́ fún yín, àtẹ̀gùn pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún 2012 ni ẹ̀rọ agbéniròkè kan ti wà tó ń gbé ènìyàn láti etí omi lọ sí ọgbà òkè ìlú, gíga rẹ̀ tó mítà 58, orí ọgbà náà ni ènìyàn sì ti lè jókòó wo èbúté títí wọn yóò fi yin ìbọn ọ̀sán. Nínú kàtídírà wọn ni àwòrán ńlá tí Caravaggio, ayàwòrán ará Ítálì, yà ní 1608 wà, ti bí wọ́n ṣe bẹ́ Jòhánù Onítẹ̀bọmi lórí. Kí àwọn ìyá wa má ṣe wọ bàtà gogoro lọ síbẹ̀ o, nítorí wọn kì í jẹ́ kí a fi gìgísẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ ilẹ̀ mábù rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì wà lára èdè ìjọba wọn, òbí yóò lè béèrè ọ̀nà fúnra rẹ̀ láìdúró de ọmọ. Ọbẹ̀ ehoro ni wọ́n sì fi ń ṣe àlejò, èyí tí ará Ìjùmú tó fẹ́ràn ẹran ìgbẹ́ kò ní ráhùn sí.

Ọ̀rọ̀ físà ló kù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Málítà wà lára orílẹ̀-èdè 29 tí físà Schengen kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ fún. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland kò sí nínú wọn. Ọmọ tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ìwé ìgbélùú, tí ó sì jẹ́ pé páásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbọ́dọ̀ gba físà náà gẹ́gẹ́ bí òbí rẹ̀ tó wà ní Kábà. Owó rẹ̀ jẹ́ 90 yúró fún àgbàlagbà, 45 yúró fún ọmọ ọdún 6 sí 11, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀. Orílẹ̀-èdè tí ẹ óò ti sùn jù lọ ni òfin ní kí ẹ kọ̀wé sí, nítorí náà kí ẹ má ṣe gba ìmọ̀ràn àwọn tó ń sọ pé ẹ́ńbásì báyìí ló rọrùn, kí ẹ gba tibẹ̀ kí ẹ sì lọ síbòmíràn. Ìwà bẹ́ẹ̀ lè kóbá ìbéèrè ọjọ́ iwájú. Ìbánigbófò ìrìn-àjò tó lè san 30,000 yúró ó kéré tán ṣe dandan, páásípọ́ọ̀tì sì gbọ́dọ̀ ṣì wúlò fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ óò kúrò níbẹ̀.

Mo rọ̀ yín, Olóòtú, kí ojú ìwé ìrìn-àjò yín máa sọ oṣù tí ìlú kọ̀ọ̀kan dára fún, kí ó má ṣe jẹ́ àwòrán ilé gogoro Pàrísì nìkan la ó máa rí níbẹ̀. Wọn kì í gba ìwé físà ṣáájú oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ ìrìn-àjò, wọn kì í sì í gbà á bí ó bá ku ọjọ́ tí kò tó 15. Ẹni tó bá fẹ́ wà ní Valletta ní àárín oṣù kẹwàá, láti àárín oṣù kẹrin ló ti lè fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ fẹ̀yìntì kan,
Kábà, Ìpínlẹ̀ Kogí.