Ẹ rántí àwọn tí wọ́n wó ilé wọn ní Paris

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àròkọ yín lórí bí Haussmann, aláṣẹ tí ìjọba Faransé fi ṣe olórí ìlú náà, ṣe tún Paris kọ́ láàárín ọdún 1853 sí 1870. Ìyìn yẹn pọ̀ jù, torí ẹ ò sọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n wó ilé wọn láti la títì tuntun.

Òótọ́ ni pé omi tó mọ́ àti gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ ṣe ìlú náà lóore; kọ́lẹ́rà ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn níbẹ̀ lọ́dún 1832. Ṣùgbọ́n owó ilé gbẹ́nu sókè, àwọn òṣìṣẹ́ sì kó ẹrù wọn lọ sí Belleville, àdúgbò kan létí ìlú. Àwọn tó ti mọ ibi tí títì máa gbà sáré ra ilé síbẹ̀, wọ́n ń dúró de owó gbà-má-bínú. Òǹkọ̀wé Zola tú àṣírí wọn nínú ìwé ìtàn rẹ̀, La Curée.

Èyí tó dùn mí jù ni Le Cygne, ewì tí akéwì Baudelaire kọ nípa Paris tó ń yí padà yìí. Ẹyẹ odò funfun kan já kúrò ní àhámọ́ nítòsí ààfin Louvre, ó ń wọ́ ìyẹ́ nílẹ̀, ó ń fi eruku wẹ̀ létí gọ́tà gbígbẹ, bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé. Òǹkọ̀wé Victor Hugo, tó wà nígbèkùn nílẹ̀ àjèjì nígbà náà, ni Baudelaire fi ewì ọ̀hún jíǹkí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ apá yìí náà fún wa.

Olùkọ́ èdè Faransé,
Ìbàdàn.