Owó wúrà àtijọ́: ìyàtọ̀ òǹtẹ̀ kì í ṣe ayédèrú

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti sọ̀rọ̀ lórí àṣìṣe kan tí àwọn tó ń kó owó wúrà àtijọ́ jọ sábà máa ń ṣe: bí àmì kan bá ti yàtọ̀ díẹ̀ lára owó, wọn a ní ayédèrú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ sovereign (owó wúrà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) tí wọ́n tẹ̀ ní London láàárín 1863 sí 1874, nọ́ńbà kékeré kan wà lábẹ́ àwòrán asà ogun tó wà lẹ́yìn owó náà. Nọ́ńbà irin òǹtẹ̀, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sára owó, ni, ojúlówó sì ni owó ọ̀hún.

Ohun tó yẹ kó kọni lóminú ni kí ojú ọgbẹ́ kan náà, tó wọnú, wà ní ibì kan náà lára owó méjì, nítorí pé ẹni tó bá fi ojúlówó kan ṣe àwòkọ irin òǹtẹ̀ rẹ̀ yóò da ọgbẹ́ ara owó yẹn kọ pẹ̀lú, yóò sì máa hàn lára gbogbo èyí tó bá tẹ̀. Àmì tó yọ síta ní tirẹ̀ lè jẹ́ àléébù irin òǹtẹ̀ gidi.

Òṣùwọ̀n wúlò, torí sovereign ojúlówó wọn nǹkan bíi gíráàmù 7.98. Ṣùgbọ́n kò tó láti fi dájọ́ (ó ti tàn mí jẹ rí), nítorí wúrà gidi ni àwọn kan fi ń ṣe ayédèrú.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín